Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ Ni Mo Kú ní Libreville

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ bí ikú ṣe rí, ẹ bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti kú. Èmi kú lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, létí òkun Libreville, wọ́n sì fún mi ní búrẹ́dì àti sadíìnì jẹ lẹ́yìn ikú karùn-ún. Àwọn òyìnbó méjì tó pa mí di èèyàn ńlá ní Paris nítorí ikú yẹn. Ohun tí èmi dà ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún tí Gabon gba òmìnira ni mo dé ibẹ̀. Télọ̀ ni mí, ọmọ Ìwó. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe igbó tó wá dé ẹ̀yìnkùlé ìlú. Ìkíni wọn ni. Mo pàdé ọkùnrin kan láàárọ̀ ní àdúgbò Nkembo, mo bi í bó ṣe jí, mo bi í léèrè ilé, mo bi í léèrè àwọn ọmọ, mo fẹ́ bọ́ sórí iṣẹ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní "Bonjour," ó bá tirẹ̀ lọ. Mo dúró sójú kan, ẹnu mi là sílẹ̀, torí mi ò tíì kí i dé ìdajì. Nílé wa, ẹni tó bá dá èèyàn lóhùn báyẹn, ìjà ló ń wá. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ọkùnrin náà ò bá mi jà, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ṣe ni àsíá. Gbogbo ìlú ló fẹ́ àsíá: àwọn ọ́fíìsì, àwọn onímọ́tò, àwọn tí kò tiẹ̀ ní ilé tí wọ́n máa gbé e kọ́ sí. Àwọ̀ ewé lókè, yẹ́lò láàárín, búlúù nísàlẹ̀. Mo rán an títí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń wọlé tọ̀ mí lójú àlá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Nàìjíríà gba òmìnira tirẹ̀. Inú rédíò ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ, mo di abẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu. Èmi tí mo rán ọgọ́rọ̀ọ̀rún àsíá fún onílùú, mi ò rán ẹyọ kan fún ìlú tí wọ́n bí mi sí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì sọ fún àwọn tó wà nítòsí pé kòkòrò ló kó sí mi lójú.

Nígbà tó di ọdún kejì, mo ra máṣíìnì tèmi, mo gba ìsọ̀ kan ní ọjà Mont-Bouët. Akọ̀wé ìjọba kan wá rán ṣòkòtò. Ó wọ̀ ọ́, ó yí ìdí sí dígí lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Merci, Monsieur." Monsieur! Bàbá mi ò pè mí ní nǹkan kan rí tó ju "ìwọ yìí" lọ. Mo gba àdúgbò Rio relé lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà yẹn jìn ní ìlọ́po méjì, kí àwọn èèyàn lè rí ẹni tí wọ́n pè ní Monsieur.

Ìyàwó mi wà nílé, ní Ìwó. Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń pè é. Oṣù mẹ́fà péré la jọ gbé kí n tó lọ, mo sì ṣèlérí pé kí ọdún tó yípo, màá wá mú un. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Èèyàn a máa pẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń pè é ní Monsieur.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ilé wa máa ń tò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti fi fóònù pe ilé. Wọ́n ní ohùn èèyàn á kọ́kọ́ gba Paris lọ, á yà kí London, kó tó wá dé Èkó. Àwọn tó ń pè á wá máa lọgun bí ẹni tó fẹ́ kí Èkó gbọ́ láìlo fóònù. "Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Àwọn ọmọ ń kọ́? Ewúrẹ́ yẹn ń kọ́?" Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí ni èèyàn ń ná owó sí láti béèrè ewúrẹ́. Èmi, lẹ́tà ni mò ń kọ. Nígbà tó yá, lẹ́tà náà wá ń kúrú. Ìgbà tó tún yá, aṣọ nìkan ni mò ń fi ránṣẹ́, mo sì gbà pé aṣọ ti sọ ohun tó kù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹta ni àwọn òyìnbó méjì wá sí ìsọ̀ mi. Ọmọdé ni wọ́n lójú mi. Ọ̀kan ga, ó gbẹ, ọjà sọ ọ́ ní Ọ̀pá. Èkejì kì í yọ páìpù lẹ́nu, àní bí kò bá sí iná níbẹ̀, a sì ń pè é ní Onípáìpù. Wọ́n ní kí n bá wọn rán kóòtù òjò, kó gùn dé kókósẹ̀, kó ní bẹ́líìtì, kí kọ́là rẹ̀ lè dúró dé etí. Oòrùn ọjọ́ náà lè yan ẹ̀pà. Mo bi wọ́n pé ta ló ń ṣàìsàn.

Wọ́n ní sinimá ni àwọn fẹ́ ṣe. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ló máa wọ kóòtù náà láti wá ẹni tó pa oníṣòwò kan. Wọ́n sọ ìtàn náà fún mi, mo sì ń retí ibi tó máa ti dùn. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń mu sìgá. Obìnrin kan wà tó ń da gbogbo ọkùnrin tó bá rí, àwọn ọkùnrin náà mọ̀ pé ó máa da àwọn, wọ́n á tún lọ bá a. Wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òru ni. Àmọ́ wọn ò lówó àtùpà, nítorí náà wọ́n fi gíláàsì dúdú bo ojú kámẹ́rà, wọ́n sì pàṣẹ fún oòrùn aago méjì pé kó di òru. Ẹni tó bá ń wá ohun tí ìgboyà jẹ́, ìyẹn nìyẹn.

Nígbà tó kan ẹni tó máa jẹ́ òkú oníṣòwò náà, gbogbo Mont-Bouët yẹra. Ará Gabon kan ní bàbá òun ṣì wà láyé, òun ò ní ṣáájú rẹ̀ sùn bẹ́ẹ̀. Lọ́rẹ́ntì, káfíńtà tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi, Nàgó láti Pobè, Yorùbá abẹ́ Faransé, gbọn orí.

Ó ní, "Ma foi, èmi á bá wọn gbé òkú. Èmi ò ní jẹ́ òkú. Wọn kì í fi ikú ṣeré."

Mo rẹ́rìn-ín wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin ará oko wọ̀nyí! Ìdùbúlẹ̀ lásán ni. Ṣebí ẹ máa ń sùn nílé yín?"

Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ti nà gbalaja sórí iyanrìn létí òkun, wọ́n da tòmátì alágolo sí mi láyà. Sinimá náà kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni, ṣùgbọ́n àwọn eṣinṣin Libreville ò mọ̀yẹn. Wọ́n bò mí. Mo họ imú. "Coupez!" ni Ọ̀pá kígbe, ìyẹn ni pé kí gbogbo nǹkan dúró. Onípáìpù sáré dé orí mi, ó ní òkú kì í họ imú. A tún un ṣe, mo sín. A tún un ṣe, omi òkun bọ́ sí mi létí. Ikú kẹjọ ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, Lọ́rẹ́ntì àti àwọn mẹ́ta gbé mi, wọ́n sì jù mí sínú ọkọ̀ bí àpò gààrí.

Mo ti wo sinimá náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Libreville ni wọ́n ti ṣe é láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ kò sí ará Libreville kan tó sọ gbólóhùn tó pé nínú rẹ̀. A gbé ẹrù, a sá, a kú. Àwọn òyìnbó nìkan ni wọ́n ní ìbànújẹ́. Paris fi ẹ̀bùn dá wọn lọ́lá, wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ Áfíríkà bíi tàwọn ọmọdékùnrin méjì yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa.

Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ nìyí. Kí sinimá náà tó parí, ìwé ìròyìn Paris kan ti tẹ fọ́tò mi jáde, èmi àti tòmátì mi, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà lókè. Bàlúù gbé e dé Libreville. Alfa Sùnmọ́nù, ọmọ Ìwó bíi tèmi, tó ń ta tẹ̀sùbáà àti ẹní ìkírun ní Rio, rí i níbi tí wọ́n ti fi ń di ọṣẹ. Alfa ti wà nínú igbó lọ́hùn-ún ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń ṣe sinimá, ọjọ́ kejì ló sì fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sílé. Kéú ló mọ̀ kà, kò mọ Faransé. Ó mú ìwé náà tọ Lọ́rẹ́ntì lọ lọ́nà.

Ó ní, "Ṣé télọ̀ wa nìyí? Ṣé lóòótọ́ ló kú?"

Lọ́rẹ́ntì, tó rò pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa sinimá, rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ó kú o, Alfa. Èmi gan-an wà lára àwọn tó gbé e."

Kò purọ́. Alfa náà ò sì ṣe ohun tí kò yẹ. Nílé wa, bí èèyàn bá kú sí ìdálẹ̀, a kì í pariwo rẹ̀ lójú ọjà, a kì í kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹnu la fi ń gbé e dé ilé, tí a ó fi túfọ̀ fún àwọn àgbà lábẹ́lẹ̀. Alfa pa ìwé ìròyìn náà pọ̀, ó fi í sínú àpò gbárìyẹ̀, ó pa ẹnu mọ́, ó sì gbé òkú mi lọ sí Ìwó. Kò tiẹ̀ yọjú sí ìsọ̀ mi, torí kí ló máa wá ṣe ní ìsọ̀ òkú?

Fún oṣù mẹ́rin ó dín díẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan. Mò ń jẹun, mò ń ránṣọ, mò ń ṣe fáàrí pé mo ti di òṣèré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ràímì dé láti Ìwó. Ọmọ àdúgbò wa ni, ó ru igbá aṣọ àdìrẹ sórí, ó ń wá ibi tó máa tẹ́ ọjà sí. Ó rí mi nídìí máṣíìnì. Igbá bọ́ lórí rẹ̀.

"Àkúdàáyà!" ló ké, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn ẹni tó kú sílé, tó lọ ń gbé ìlú mìíràn bí alààyè, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi bá a pàdé. Mo yẹ kí n jókòó jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo gbá tẹ̀ lé e pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, mò ń pè é lórúkọ. Òkú tó ń lé èèyàn ní ọ̀sán gangan! Ìyá ẹlẹ́ja ṣubú lé ẹja rẹ̀. Lọ́rẹ́ntì ló bá mi di Ràímì mú.

Ràímì di ojú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lórúkọ mọ́! Mi ò ṣe yín níbi. Mo wá sí fídáù yín, mo ṣàmín sí gbogbo àdúrà!"

"Fídáù wo?"

"Ti ọjọ́ kẹjọ yín. Mo jẹ ẹran. Màlúù ni bàbá yín pa."

Ẹ wo bí èèyàn ṣe rí. Dípò kí n figbe ta, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Màlúù? Bàbá mi pa màlúù fún mi?" Nígbà tí mo wà láàyè, adìyẹ kò ti ọwọ́ ọkùnrin yẹn kú nítorí mi rí.

A fún Ràímì lómi mu. Mo ní kó fọwọ́ kàn mí, ó fi ìka kan kàn mí bí ẹni tó ń wò bóyá ìkòkò ṣì gbóná. Ìgbà tó gbà pé ẹran ara ni, ó wá sọ èyí tó gbá màlúù dànù lọ́kàn mi. Àbẹ̀kẹ́ ti wọlé opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn wa ní kó fi ṣe é, ó sì ku ọjọ́ méjìdínlógún. Bó bá ti parí, ìdílé ti fẹnu kò pé Kàsúmù àbúrò mi ni yóò ṣú u lópó.

Mo sáré lọ tẹ wáyà sí bàbá mi: MO WÀ LÁÀYÈ. Lọ́jọ́ kẹrin, èsì dé. Ó ní ìdílé dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin ará Gabon fún ìbánikẹ́dùn yín, Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ san án. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé mi. Bàbá mi ò mọ̀wé. Nínú ilé wa, Kàsúmù nìkan ló ń ka wáyà.

Ọ̀pá àti Onípáìpù ti padà dé Libreville lọ́sẹ̀ náà láti fi sinimá wọn han àwọn mínísítà. Wọ́n wọ kóòtù funfun báyìí, wọ́n wà ní hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun. Mo lọ bá wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ìwé tó ní òǹtẹ̀ pé sinimá ni, pé mi ò kú, torí wọ́n fẹ́ gba ìyàwó mi. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mi ò tijú láti sọ ọ́. Ọ̀pá ní, "Formidable!" bí ẹni tó gbọ́ ìtàn tó dùn. Onípáìpù mú ìwé kékeré kan jáde, inú mi dùn, mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó ń béèrè: ọjọ́ mélòó ló kù? Irú màlúù wo ni? Kí ni orúkọ àbúrò? Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó fi í sápò, ó wá mú fọ́tò òkú mi, ó kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́nu ọ̀nà. "Sí òkú wa ọ̀wọ́n, pẹ̀lú ìfẹ́." Ẹ̀rí tí wọ́n fún mi pé mo wà láàyè nìyẹn.

Sinimá wọn kejì, wọ́n ní ó dá lórí ọkùnrin kan tí wọ́n ṣe òkú rẹ̀ láàyè. Wọ́n ní Paris rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wọ́n. Òyìnbó ló ṣe ipa tèmi.

Ó wá ku fóònù, èyí tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ràímì ní ẹ̀gbọ́n kan, Ìyá Sikí, tó ń ṣòwò ní Ìbàdàn, tó sì máa ń lọ sí Ìwó lọ́jọ́ ọjà. Mo tẹ wáyà sí i pé kó bá mi mú Àbẹ̀kẹ́ wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Mo mọ ohun tí mò ń béèrè. Opó kì í jáde nílé, ká má tíì sọ pé kó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i lójú títì, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ inú àpótí fóònù. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí opó tán. Ohùn kan ní Paris sọ̀rọ̀, ohùn kan ní London sọ̀rọ̀, ìró bí omi ń hó kún etí mi. Mo wá gbọ́ èémí obìnrin.

Mo pariwo bí gbogbo àwọn tí mo ti fi rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́! Èmi ni o! Mi ò kú!"

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ò kú."

"O mọ̀? Ìyá Sikí ló sọ fún ẹ?"

"Kí ó tó sọ fún mi. Alfa fi fọ́tò yẹn hàn mí. Ìka ẹsẹ̀ yín ká. Bí ẹ bá ń díbọ́n oorun, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ká."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ẹ̀dùn ọkàn ló ń dà mí láàmú. Mo bá dákẹ́."

Mo ní, "O ṣeun. O ṣeun tí o jáde wá. Má gbà fún Kàsúmù."

"Mi ò fẹ́ Kàsúmù. Mo ti sọ fún bàbá mi. Tí opó bá ti tán, ọ̀dọ̀ Ìyá Sikí ni mò ń lọ, màá máa ṣòwò."

"Opó wo ló tún kù? Ṣebí o ń gbọ́ ohùn mi!"

Ó ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣe opó yín láìwọ aṣọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fún mi yìí, ó ní ọjọ́ tó máa parí. Ẹ wà láàyè fún ọdún mẹ́ta, ẹ ò pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí ẹ kú lẹ wá rí fóònù."

Kò gbóhùn sókè. Kò sì yéé fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára dé egungun, torí kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Mo ní, "Mò ń bọ̀. Mò ń bọ̀ wá mú ọ."

Ó bi mí wéré, "Nígbà wo?"

Ọlọ́run rí mi, mo fẹ́ sọ pé ọkọ̀ tó bá kàn. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò àwọn akọ̀wé ìjọba wà nílẹ̀ níwájú máṣíìnì mi, méjìlá, mo sì ti fún wọn lọ́jọ́. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí ọkàn mi tó dé ibẹ̀. Mo ní, "Jẹ́ kí ọdún Iléyá kọjá ná."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bíi ti ẹni tó wà lẹ́bàá ibojì.

Ó ní, "Ó dìgbà o. Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ bá wọn jẹ."

Kí n tó ronú, mo ti ṣe àmín.